Owó Ìlú Ní Olówó: Ẹ̀tọ́ Olùdìbò Láti Béèrè Ìṣirò

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tí yóò dìbò fún ìgbà àkọ́kọ́ ní agbègbè Ìkẹjà àti Agége

 

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí èmi kò wá ṣe. Èmi kò wá polongo ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, bẹ́ẹ̀ ni èmi kò wá bu ẹnu àtẹ́ lu ìjọba kankan. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá: ìjọba ń ná owó ní orúkọ wa, ó sì jẹ wá ní gbèsè ìdáhùn. Ẹni tí ó dìbò tí kò béèrè ìṣirò, ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ṣe. Ẹni tí ó sì ń béèrè ìṣirò tí kì í dìbò, ìbéèrè rẹ̀ kì í wúwo létí ẹnikẹ́ni.

Alájọ àti káàdì rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Agége mọ iṣẹ́ alájọ dáadáa. Lójoojúmọ́ ni ó ń yí ọjà ká. Ó ń gba owó lọ́wọ́ aláta, lọ́wọ́ télọ̀, lọ́wọ́ ẹni tí ń ta búrẹ́dì, ó sì ń fàmì sí káàdì oníkálùkù. Nígbà tí oṣù bá parí, yóò mú owó ọjọ́ kan fún iṣẹ́ ara rẹ̀, yóò sì dá ìyókù padà. Kò sí ìyá ọlọ́jà tí yóò gbà kí alájọ sọ fún òun pé, "Ìyá, ẹ má béèrè káàdì, ẹ ṣá fọkàn tán mi." Bí ó bá dán an wò, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo ọjà yóò ti gbọ́.

Ìjọba ni alájọ tí ó tóbi jù lọ láàrin wa. Òṣìṣẹ́ tí ó wà ní ilé-iṣẹ́ ní òpópónà Ọba Akran tàbí ní Ògbà, a ti yọ owó orí kúrò nínú owó oṣù rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò tíì ríṣẹ́ náà ń san: láti oṣù kejì ọdún 2020, náírà 7.5 lórí 100 náírà kọ̀ọ̀kan ni owó orí ọjà tí ó ń gun orí ọ̀pọ̀ nǹkan tí a ń rà. Nítorí náà, kò sí ẹnikẹ́ni nínú yín tí a lè bi pé, "Kí ni ó kàn ọ́ nínú owó ìjọba?"

Ọ̀rọ̀ náà kàn yín jù bí ẹ ti rò lọ. Owó ìlú ni ó bí agbègbè ilé-iṣẹ́ tí a wà yìí. Kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìkẹjà wà, ìjọba náà ni ó sì ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó sọ Ìkẹjà di ibi tí àwọn èèyàn ń wá iṣẹ́ wá láti ibi gbogbo. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ náà kò sí mọ́. Ilé-iṣẹ́ Dunlop ní Ìkẹjà dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní nǹkan bí ọdún 2008, ìnira iná mànàmáná sì wà lára ohun tí ó fà á. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá ń gbẹ́ kànga fún ara rẹ̀, tí ó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣe iná fún ara rẹ̀, tí ó tún ń da òkúta sí ọ̀nà iwájú ilé rẹ̀, owó tí ìbá fi gba ọ̀dọ́ síṣẹ́ ni ó ń ná. Nígbà tí iṣẹ́ ìjọba bá bàjẹ́, oúnjẹ ọ̀dọ́ ni ó kọ́kọ́ ń dínkù.

Ìbéèrè kì í ṣe àfojúdi

Àwọn kan lè sọ pé bíbéèrè ìṣirò lọ́wọ́ aláṣẹ jẹ́ àfojúdi, pé kò bá àṣà wa mu. Ìtàn wa kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo Ìjù, tí kò jìnnà sí wa níhìn-ín. Ibẹ̀ ni ìjọba àwọn òyìnbó kọ́ ilé-iṣẹ́ omi sí, èyí tí a ṣí ní ọdún 1915 láti máa fa omi lọ sí Èkó. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1908 ni àwọn ará Èkó ti ń tako owó omi tí ìjọba fẹ́ bù lé wọn, wọ́n sì tún takò ó ní ọdún 1916. Ìbéèrè wọn kò ṣòro láti yé ni: àwa ní kànga tiwa, ta ni omi yìí yóò ṣe láǹfààní, kí ló sì dé tí àwa ni a ó san owó rẹ̀? Wọn kò lè dá owó náà dúró, ṣùgbọ́n ìbéèrè wọn kò kú. Òun náà ni a ṣì ń béèrè títí di òní nígbàkígbà tí a bá bù owó lé wa: ta ni yóò jàǹfààní rẹ̀?

Bí a bá tẹ̀lé ojú irin láti Agége lọ sí apá òkè, Abẹ́òkúta ni yóò gbé wa dé. Níbẹ̀, ní kété lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin ọlọ́jà kó ara wọn jọ sínú Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta láti tako owó orí tí a ń gbà lọ́wọ́ obìnrin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ nípa ìwọ́de wọn ní ọdún 1947, àti bí Aláké Adémọ́lá Kejì ṣe fi ìlú sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1949. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé àwọn obìnrin náà gba oníṣirò owó láti yẹ ìwé ìnáwó ìjọba ìbílẹ̀ ìgbà náà wò. Wọ́n kọrin, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà ààfin, ṣùgbọ́n wọ́n tún ka ìwé. A sì dá owó orí àwọn obìnrin náà dúró.

Ní Ìkẹjà tiwa gan-an, ẹ rántí ọdún 2018. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, Ìpínlẹ̀ Èkó gbé òfin tuntun jáde lórí owó ilẹ̀ àti ilé, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Land Use Charge. Owó tí a bù lé ọ̀pọ̀ ilé àti ilé-iṣẹ́ ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ púpọ̀púpọ̀. Àwọn onílé, àwọn oníṣòwò àti àwọn onílé-iṣẹ́ fi ẹ̀hónú hàn; ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò, ẹ̀ka ti Ìkẹjà, wọ́de. Ní oṣù kẹta ọdún náà, ìjọba kéde pé òun dín owó orí ilé tí a fi ń ṣòwò kù ní ìdajì, ó sì dín ti àwọn ẹ̀ka mìíràn kù pẹ̀lú. Ní ọdún 2020, a pa òfin náà rẹ́, a sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé òkò kọ́ ni ó mú ìdáhùn yẹn wá. Àwọn tí ó béèrè mọ iye tí wọ́n ń san tẹ́lẹ̀, wọ́n mọ iye tí a ní kí wọ́n san, wọ́n sì mọ ilẹ̀kùn tí ó yẹ kí wọ́n kàn.

Ilẹ̀kùn ta ni kí a kàn?

A-bèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ẹni tí a ó bi. Ìjọba mẹ́ta ni ó ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ kan náà níhìn-ín.

Ìjọba ìbílẹ̀ ni ó sún mọ́ wa jù lọ. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, to iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbòò, ibi ìpẹran, itẹ́ òkú, ojú ọ̀nà àdúgbò àti gọ́tà rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí, sísọ òpópónà lórúkọ, kíkọ nọ́ńbà sára ilé, àti kíkọ orúkọ ọmọ tí a bí àti ẹni tí ó kú sílẹ̀. Ó tún ní ipa tirẹ̀ nínú ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ètò ìlera.

Ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ni ilé-iṣẹ́ omi, ilé-ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ti ìpínlẹ̀, àti àjọ LAWMA tí ń ṣètò ìkólẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ni ó ni ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta, ojú irin, àti pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed. Ní ti iná, ilé-iṣẹ́ aládàáni ni Ikeja Electric láti ìparí ọdún 2013.

Ẹ jẹ́ kí a fi omi òjò ṣe àpẹẹrẹ. Bí omi bá dúró sí iwájú ṣọ́ọ̀bù yín nítorí pé gọ́tà àdúgbò ti dí, káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín ni kí ẹ kọ́kọ́ bi. Bí ó bá jẹ́ pé odò ńlá tí gbogbo gọ́tà ń ṣàn sí ni kò gba omi mọ́, ilé-iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tí ń bójú tó àyíká ni ọ̀rọ̀ kàn. Bí ó bá sì jẹ́ ojú ọ̀nà márosẹ̀ ni ó bàjẹ́ tí omi fi ya wọlé, ìjọba àpapọ̀ ni, aṣojú yín ní Àbújá sì ni ẹ ó kọ̀wé sí. Bí a bá gbé ìbéèrè lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn tí kì í ṣe tirẹ̀, ìdáhùn tí ó rọrùn jù lọ ni a ó gbà: "Kì í ṣe tiwa."

Ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ní Èkó tún ní àlàyé tirẹ̀. Ìwé òfin mọ ìjọba ìbílẹ̀ 20. Ní ọdún 2003, ìpínlẹ̀ dá àwọn agbègbè ìdàgbàsókè 37 sílẹ̀ kún wọn, èyí tí a ń pè ní LCDA, tí gbogbo wọn fi di 57. Ìdí nìyí tí a fi ní Agége àti Òrílé-Agége, tí a sì ní Ìkẹjà, Onígbòǹgbò àti Ọ̀jọ́dù. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ tìtorí èyí dá owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ ní oṣù kejìlá ọdún 2004 pé Ààrẹ kò ní agbára láti dá owó náà dúró, ṣùgbọ́n pé iṣẹ́ ìdásílẹ̀ àwọn tuntun náà kò tíì parí àyàfi bí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin àpapọ̀ bá fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ kan náà dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí ará ìlú fi ìbò yàn. Bí ìdájọ́ náà bá ti ń wá sí ìmúṣẹ, bẹ́ẹ̀ ni àwíjàre pé "owó kò dé ọwọ́ wa" yóò máa dínkù, tí ìbéèrè yóò sì máa pọ̀ sí i lọ́rùn alága àti káńsẹ́lọ̀.

Bí owó ṣe ń rìn

Ìjọba kò ní ẹ̀tọ́ láti ná kọ́bọ̀ láìsí òfin. Lọ́dọọdún, gómìnà gbọ́dọ̀ gbé ìṣúná wá sí iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Aláúsá. Ọmọ ilé náà jẹ́ 40, méjì láti inú ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú 20. Wọ́n lè dín in kù, wọ́n sì lè fi kún un. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, gómìnà gbé ìṣúná tí ó lé díẹ̀ ní trílíọ̀nù 3 náírà kalẹ̀ fún ọdún 2025. Nígbà tí yóò fi buwọ́ lù ú ní oṣù kìíní ọdún 2025, ó ti di nǹkan bí trílíọ̀nù 3.37.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí iye ńlá bẹ́ẹ̀ dẹ́rù bà yín. Ìṣúná dà bí ìwé tí ìyàwó ilé kọ kí ó tó lọ sí ọjà. Ohun tí ó fẹ́ rà ni ó wà níbẹ̀, kì í ṣe ohun tí ó rà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni kí ẹ máa yà sọ́tọ̀. Èkíní ni owó tí a là kalẹ̀ fún iṣẹ́ kan. Èkejì ni owó tí a tú sílẹ̀ ní tòótọ́. Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ tí ojú rí nílẹ̀. Aláṣẹ tí ó bá sọ pé, "A ti fi owó sí ilé-ìwòsàn yín nínú ìṣúná," ti dáhùn èkíní nìkan.

Lẹ́yìn ìnáwó ni àyẹ̀wò. Ìwé òfin pàṣẹ pé kí Ayẹ̀wé-owó-wò Àgbà ti ìpínlẹ̀ fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin láàrin ọjọ́ 90 tí ó bá ti gba ìwé ìṣirò ọdún, ilé náà sì ní agbára láti pe ẹnikẹ́ni tí ó ná owó ìlú wá ṣàlàyé. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn kọmíṣọ́nnà Èkó a máa jókòó pẹ̀lú àwọn oníròyìn lọ́dọọdún ní gbọ̀ngàn Bagauda Kaltho ní Aláúsá, láti ròyìn iṣẹ́ tí ẹ̀ka wọn ṣe. Orúkọ oníròyìn kan tí a kò rí mọ́ láti ọdún 1996 ni gbọ̀ngàn náà ń jẹ́. Àwọn aṣòfin náà a máa ṣe ìpàdé pẹ̀lú ará ìlú ní agbègbè ìdìbò wọn. Aláúsá kò jìnnà sí Agége. Ẹ máa wá ìròyìn ìpàdé wọ̀nyí, kí ẹ sì máa lọ.

Ìdáhùn tí ó kún àti èyí tí kò kún

Ìdáhùn tí kò ní iye, tí kò ní ọjọ́, tí kò ní orúkọ ibi tí iṣẹ́ wà, kò tíì kún. Ìlérí ni, tàbí ìkíni.

Ẹ wo ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ pupa tí ó ń gba Agége àti Ìkẹjà kọjá. Ọ̀nà rẹ̀ gùn tó kìlómítà 27, láti Agbado dé Òyìngbò, ó sì ní ibùdó mẹ́jọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2024, Ààrẹ wá ṣí i. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Ọjọ́ méjèèjì jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n oṣù méje àti ààbọ̀ ni ó wà láàrin wọn. Nítorí náà, nígbà tí a bá sọ fún yín pé a ti ṣí iṣẹ́ kan, ẹ béèrè pé: ọjọ́ wo ni ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó?

Ẹ tún wo afárá Pen Cinema ní Agége, tí a ṣí ní oṣù kejì ọdún 2021. Gómìnà kan bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òmíràn ni ó parí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé ìjọba kì í kú bí ẹni tí ó wà lórí àga bá yí padà. Aláṣẹ tuntun kò lè sọ pé iṣẹ́ tí a ti ná owó ìlú lé lórí kò kan òun.

Ìbéèrè márùn-ún ni mo fẹ́ kí ẹ kọ sínú ìwé yín, kí ẹ sì mú lọ sí ìpàdé èyíkéyìí:

1. Eélòó ni a là kalẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, nínú ìṣúná ọdún wo?
2. Eélòó ni a ti san, ta sì ni agbaṣẹ́ṣe tí ó gbà á?
3. Ọjọ́ wo ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ wo ni yóò sì parí?
4. Ọjọ́ wo ni ará ìlú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jàǹfààní rẹ̀, eélòó sì ni yóò san?
5. Ta ni yóò máa tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́, láti inú owó wo?

Bí a kò bá dáhùn yín lẹ́nu, ẹ kọ̀wé. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé ìjọba, láìjẹ́ pé ó sọ ìdí tí ó fi ń béèrè. Ọjọ́ 7 ni òfin fún ilé-iṣẹ́ ìjọba láti dáhùn. Wọ́n sì lè fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un bí ìdí bá wà. Ẹni tí kò mọ̀wé lè rán ẹlòmíràn láti bá a kọ ọ́. Ẹni tí a bá fi du ìwé lọ́nà àìtọ́ lè lọ sí ilé-ẹjọ́ láàrin ọjọ́ 30. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òfin yìí de gbogbo ìpínlẹ̀ pẹ̀lú.

Ìbò ni ó ń mú kí ìbéèrè wúwo

Àjọ LASIEC ni ó ń ṣètò ìdìbò alága àti káńsẹ́lọ̀. Àjọ INEC ni ó ń ṣètò ti Ààrẹ, ti gómìnà àti ti àwọn aṣòfin. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ a máa jáde fún ti INEC, wọn a sì sùn sílé ní ọjọ́ ti LASIEC. Bẹ́ẹ̀, gọ́tà iwájú ilé wọn àti ọjà ìyá wọn, ìbò tí wọ́n sùn fún yẹn ni ó ń yan ẹni tí yóò bójú tó wọn. A ti dìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2017, 2021 àti 2025: ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá fi 5,000 náírà lọ̀ yín ní ọjọ́ ìdìbò, ẹ kọ́kọ́ ṣe ìṣirò. Ọjọ́ 1,461 ni ó wà nínú ọdún mẹ́rin. Bí ẹ bá pín owó náà sí iye ọjọ́ yẹn, kò tó náírà mẹ́rin lójúmọ́. Kò lè ra omi inú ọ̀rá kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá sì ti ra ìbò yín, kò ní rò pé òun jẹ yín ní ìdáhùn kankan. Yóò ní òun ti san án.

Nítorí náà, ẹ gba káàdì ìdìbò yín, ẹ pa á mọ́, kí ẹ sì mọ wọ́ọ̀dù yín àti ibùdó ìdìbò yín. Ẹ gbọ́ ohun tí olúkúlùkù olùdíje ń ṣe ìlérí, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Lẹ́yìn ìbò, ẹ máa yọ ìwé náà wò lọ́dọọdún, bí ìyá ọlọ́jà ṣe ń yọ káàdì àjọ rẹ̀ wò. Bí ẹni tí ẹ dìbò fún bá wọlé, ẹ bi í. Bí ẹni tí ẹ kò dìbò fún ni ó wọlé, òun náà ni kí ẹ bi, nítorí owó yín wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ jáde dìbò ní àlàáfíà, kí ẹ sì béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, láìbẹ̀rù.